Ẹsẹ̀ Òsì Zukeran

Wọ́n dé lánàá láti ẹ̀yìn odi, àwọn mẹ́tàdínlógún,
aṣọ funfun lọ́rùn, bẹ́líìtì dúdú nídìí,
wọ́n tò sí àgbàlá wa ní Itoman,
wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, ìdajì ìṣísẹ̀,
bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.
Ọ̀kan nínú wọn, onírùngbọ̀n pupa,
bi mí pé: "Ìyá, àṣírí wo ló wà nínú ẹsẹ̀ wíwọ́ yìí?"
Mo bu tíì fún un.
Tíì nìkan ni mo bu.

Èmi tí mo fọ ẹsẹ̀ yẹn fún ọdún mọ́kànlá
nínú abọ́ omi gbígbóná àti ewé fuchiba,
mo mọ ìka mẹ́ta tó ṣẹ́kù níbẹ̀, mo mọ èyí tó wọ́.
Ọkọ̀ ìpẹja ló gun orí rẹ̀ lọ́jọ́ ìjì.
Bàbá àgbà jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà,
ó ti ń lọ kọ́ ìjà ní Shuri lọ́dọ̀ Yonamine,
akọ̀wé ààfin tí kò rí ààfin kọ̀wé fún mọ́.
Eré iná lórí koríko gbígbẹ ni Yonamine ń kọ́ni:
ọwọ́ á ti dé kí ojú tó rí i.
Arúgbó náà wo ẹsẹ̀ tó fọ́, ó wò ó títí,
ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ni iṣẹ́ tèmi."
Kò lé e.
Ó kàn da tíì rẹ̀ nù sínú ọgbà, ó wọlé.

Bàbá àgbà fi odindi òwúrọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ dé Naha,
sọ́dọ̀ Agarie, oníṣòwò tó ti gbé Fujian rí,
tó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ,
tó ń kọ́ ènìyàn láti dúró.
Dúró. Ọdún mẹ́ta, dídúró ṣáá.
Ìkòkò oníyanrìn lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì,
títí ẹsẹ̀ tó rọ fi mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ara tó ti fò rí kì í gbàgbé.
Lálẹ́ ọjọ́ kan Agarie ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé:
ó dúró bí ará Naha, ó ju ọwọ́ bí ará Shuri,
láàárín méjèèjì ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀, ṣìì, ṣìì.
"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"
Bàbá àgbà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ ni."

Wọ́n ní àwọn àgbà méjèèjì bínú.
Àwọn mìíràn ní wọ́n pàdé níbi ìsìnkú kan,
wọ́n mu awamori, wọ́n ń jiyàn ẹni tó ni ọmọ.
Ó lè jẹ́ irọ́. Èmi ò sí níbẹ̀.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sọ ọ́ lórúkọ.
Lẹ́yìn ogun, nígbà tí Shuri ti di àlàpà,
tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́kù nílé Agarie,
akọ̀wé ìjọba kan gbé fọ́ọ̀mù dé,
ó ní àyè kan ṣófo, kí ni káráté yìí ń jẹ́?
Bàbá àgbà dákẹ́.
Makatu ìyàwó rẹ̀ ń di àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè,
ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹsẹ̀ Kan àti Àbọ̀."
Ọkùnrin náà kọ ọ́. Òǹtẹ̀ dún gbì.

Lọ́sàn-án yìí mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.
Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, kò ga ju ìgbálẹ̀ lọ.
Géńdé kan ju ìpá sí i;
ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ìdajì, kò ju ìdajì lọ,
ìpá náà gba iwájú aṣọ rẹ̀ kọjá bí atẹ́gùn.
Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Tíì mi ti tutù.
Mo wá abọ́ àtijọ́ náà lábẹ́ àkàsọ̀, mo nù ún,
mo da omi gbígbóná sí i, mo já ewé lé e,
mo gbé e jáde síwájú onírùngbọ̀n pupa.
"Jókòó," mo wí. "Kó ẹsẹ̀ rẹ wá."